Orin ìbílẹ̀ tàbí orin ẹnì kan? Ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ẹnu ní agbègbè Adja-Ouèrè

Kọ̀múùnù Adja-Ouèrè wà ní ẹ̀ka Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Agbègbè 6 ni ó pín sí: Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀, Ikpinlè, Kpoulou, Massè, Oko-Akarè àti Tatonnonkon. Àwọn Nàgó àti àwọn Ọ̀họ̀rí ni ó pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe. Nígbà tí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bá ń wá ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò máa kà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ lẹ́tà tán, ẹnu àwọn ará abúlé ni ó ti ń rí i: àlọ́, ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú, oríkì, òwe, orin oko, orin ẹ̀fẹ̀. Olùwádìí èdè pẹ̀lú kò ní orísun mìíràn tí ó dára jù èyí lọ.

Ohun tí a gbà sílẹ̀ báyìí kì í dúró sí ibi tí a ti gbà á. Ó ń di ìwé kíkà, ó ń di ètò orí rédíò, ó ń di ohun tí a ń tà. Ìgbà náà ni ìbéèrè ń dìde pé ta ni ó ni ín. Nínú ìwé àkójọ púpọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń dáhùn ìbéèrè yìí: «ìbílẹ̀». Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti kọ, ó sì jọ pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ní ojú òfin, ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ni. Bí ó bá tọ́, ó ń dá ohun gbogbo ìlú padà fún ìlú. Bí kò bá tọ́, ó ń gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan tí ó wà láàyè, ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí kò ní olúwa.

1. Àwọn òfin tí ó kan ọ̀rọ̀ náà

Òfin tí ń dáàbò bo ohun tí ènìyàn fi ọpọlọ ṣe pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò: ohun èlò tuntun tí ẹnì kan ṣe, àmì tí oníṣòwò fi ń dá ọjà rẹ̀ mọ̀, orúkọ ilẹ̀ tí irè oko kan ti jáde. Ní ọ̀nà yìí, ìforúkọsílẹ̀ ni ó ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́. Ní ọdún 1962, ní Libreville, Dahomey àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn fi ẹnu kò láti ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo fún iṣẹ́ náà. Àdéhùn Bangui ti ọdún 1977 ni ó sọ ọ́ di OAPI, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Orílẹ̀-èdè 17 ni ó wà nínú rẹ̀, ohun tí a bá sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ààbò nínú gbogbo wọn. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ní ọdún 2021, ọ̀pẹ̀yìnbó tí a ń pè ní «pain de sucre» ti ilẹ̀ Allada gba ìwé àṣẹ pé ilẹ̀ náà ni ó ni orúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ìwé, orin, ewì, eré, àwòrán àti ère gbígbẹ́. Èyí ni a ń pè ní ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀, òun ni ó sì kan àwọn tí ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu jọ. Níhìn-ín, ẹ̀tọ́ kò dúró de ìforúkọsílẹ̀. Àdéhùn Berne ti ọdún 1886, tí Dahomey wọ̀ ní ọdún 1961, sọ pé ẹ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti wà, láìsí pé a san owó tàbí pé a gba òǹtẹ̀. Ní Benin, òfin 84-008 ti oṣù kẹta ọdún 1984 ni ó kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Òfin 2005-30, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2006, sì rọ́pò rẹ̀. Àfikún Keje àdéhùn Bangui náà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè OAPI.

Ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní apá méjì. Apá kìíní ni ẹ̀tọ́ iyì: kí a máa dárúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́, kí a má sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ènìyàn kò lè ta ẹ̀tọ́ yìí, kò sì ní òpin. Apá kejì ni ẹ̀tọ́ owó: àṣẹ láti tẹ iṣẹ́ náà, láti dà á kọ, láti túmọ̀ rẹ̀, láti gbé e sórí rédíò, kí a sì gba owó lórí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ owó lè kọjá sọ́wọ́ ẹlòmíràn nípa ìwé àdéhùn. Ó wà fún gbogbo ọjọ́ ayé olùpilẹ̀ṣẹ̀, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ ẹ́.

Òfin kò dáàbò bo èrò lásán. Ìjàpá tí ó fi ọgbọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ erin kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí ẹnì kan gbà sọ ọ́, àwọn gbólóhùn tí ó tò, orin tí ó dá sí i fúnra rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni ó lè jẹ́ tirẹ̀.

2. Ohun tí òfin ń pè ní ìbílẹ̀

Lábẹ́ òfin, iṣẹ́ ìbílẹ̀ ni èyí tí àwùjọ kan ṣẹ̀dá, tí ó ń ti ìran dé ìran, tí a kò sì lè tọ́ka sí ẹnì kan pàtó pé òun ni ó dá a. Àlọ́, àrọ̀, òwe, orin àti ijó àbáláyé, àti iṣẹ́ ọnà àjogúnbá wà nínú rẹ̀. Òfin Benin ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ogún gbogbo orílẹ̀-èdè. Èyí kò túmọ̀ sí pé ó di tọ́rọ́fọ́nkálé fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣòwò. Àfikún Keje, bí a ti tún un ṣe ní ọdún 1999, sọ pé ẹni tí yóò bá fi iṣẹ́ ìbílẹ̀ pa owó gbọ́dọ̀ san nǹkan fún àjọ tí ń ṣàkóso ẹ̀tọ́ àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ní Benin, orúkọ tí a fi mọ ọ́fíìsì yìí láti ọdún púpọ̀ wá ni BUBEDRA.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ hàn gbangba. Bí orin bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, owó rẹ̀, bí owó bá wà, yóò gba ọ̀nà àpò ìjọba lọ. Bí orin bá jẹ́ ti ẹnì kan, olúwarẹ̀ ni ó ni àṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ni ó sì ni owó. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ «ìbílẹ̀» sí orí orin kan ti dá ẹjọ́ kan, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń dájọ́.

Kò sí ibi tí èyí ti ṣe kedere ju inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ. Gbogbo ilẹ̀ Nàgó ni ó mọ eré yìí, láti Kétu títí dé Ṣakẹ́tẹ́, àárín wọn sì ni Pobè àti Adja-Ouèrè wà. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú àwọn 18 mìíràn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ẹnu tí ó tayọ ní ayé. Ní ọdún 2008 ni ó wọ àkọsílẹ̀ gbogbogbòò, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkéde yìí sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ di ohun ìbílẹ̀ tí kò ní olúwa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn UNESCO ti ọdún 2003 lórí irú ogún báyìí sọ ọ́ ní ìpín kẹta pé òun kò fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ tí àwọn òfin mìíràn ti fún olùpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo alẹ́ ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo. Akọrin ẹ̀fẹ̀ jáde sí ojú agbo. Ó kọ́kọ́ júbà: ó júbà àwọn òrìṣà, ó júbà àwọn ìyá, ó júbà àwọn àgbà tí ó ti kọrin ṣáájú rẹ̀. Apá púpọ̀ nínú ìjúbà yìí jẹ́ ti àtijọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ìbílẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni ó bọ́ sí orin ọdún náà. Ó bá olè wí, ó bá ìjòyè tí kò ṣe dáadáa wí, ó sọ̀rọ̀ lórí oko, lórí ọjà, lórí ìwà àwọn ọ̀dọ́. Àwọn orin yìí kò sí ní ọdún tí ó kọjá. Ó ronú wọn, ó tò wọ́n, ó sì kọ́ àwọn elégbè rẹ̀ ní wọn kí ọjọ́ tó pé. Gbogbo ẹni tí ó wà ní agbo ni ó mọ̀ pé tirẹ̀ ni, nítorí pé nípa orin tuntun ni a fi ń díwọ̀n akọrin ẹ̀fẹ̀. Ní ojú òfin, olùpilẹ̀ṣẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ìwé ewì ṣe jẹ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀. Pé kò kọ ọ́ sórí ìwé kò dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù; iṣẹ́ ẹnu pẹ̀lú wà lábẹ́ òfin.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ijó bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀ràn náà tún pín. Ìlù àti ẹsẹ̀ ijó lè jẹ́ ti àbáláyé. Ṣùgbọ́n igi tí ó wà lórí oníjó, agbẹ́gilére kan ni ó gbẹ́ ẹ. Bí ó bá gbé àwòrán tuntun kalẹ̀ lórí rẹ̀, iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ni. Oníjó àti onílù pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ tiwọn, èyí tí òfin pè ní ẹ̀tọ́ tí ó múlé ti ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀. Àdéhùn tí a ṣe ní Geneva ní ọdún 1996, tí Benin wọ̀ ní ọdún 2006, sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó bá ń kọ orin ìbílẹ̀ lásán tàbí tí ó ń ṣe eré ìbílẹ̀ náà wà lára àwọn aṣeré tí òfin mọ̀. Bí a bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ kí a dárúkọ òun, bí orin náà kò tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

3. Ẹni tí ó kó o jọ, ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí ó gbé e jáde

Olùkójọ kò wà láìní ẹ̀tọ́. Òfin dáàbò bo àkójọ àlọ́ tàbí àkójọ orin nítorí ọgbọ́n tí a fi ṣà wọ́n àti ọ̀nà tí a gbà tò wọ́n. Ìtumọ̀ sí èdè Faransé jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ó túmọ̀. Àlàyé ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ àti àwòrán inú ìwé ní olúwa tiwọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀tọ́ yìí wà lórí ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọrin. Kò pa á rẹ́. Ẹni tí ó to ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn ní okùn àti ètò rẹ̀; èyí kò sọ ìlẹ̀kẹ̀ di tirẹ̀.

Ní ti olùkọ́ tàbí olùwádìí tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan gbà sí iṣẹ́, òwe àgbà sọ pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Òfin kò gba èyí wọlé tán. Lábẹ́ Àfikún Keje ti ọdún 1999, ẹni tí ó kọ ìwé náà ni olùpilẹ̀ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́nu iṣẹ́ oṣù ni ó ti kọ ọ́. Ẹ̀tọ́ owó ni a kà sí èyí tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á sí iṣẹ́, dé ìwọ̀n tí iṣẹ́ ilé náà béèrè, àfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Orúkọ kò lọ. Ìwé ìkàwé tí ó jáde láìsí orúkọ àwọn tí ó kọ ọ́ ti fi ẹ̀tọ́ iyì wọn dù wọ́n.

Ó sì yẹ kí a mọ ohun tí òfin gbà láyè. Ó gba kí a fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ yọ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn fún àlàyé tàbí fún ẹ̀kọ́, bí a bá ti sọ orúkọ olúwa rẹ̀ àti ibi tí a ti rí i. Òfin ìjọba, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ àti ìròyìn ojoojúmọ́ lásán kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ lè túmọ̀ wọn sí Yorùbá-Nàgó fún kíláàsì rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnì kan.

4. Ẹ̀kọ́ kan láti Gúúsù Áfíríkà

Ọ̀ràn tí ó fi bí ọ̀rọ̀ «ìbílẹ̀» ti lè náni tó hàn ní kíkún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn sí Adja-Ouèrè, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ń gba orin sílẹ̀ ni ó kàn. Ní ọdún 1939, Solomon Linda, ọmọ Zulu kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Johannesburg, gba orin rẹ̀ «Mbube» sínú àwo pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ní ilé iṣẹ́ Gallo. Ṣílè 10 ni a fún un fún orin náà. Àwo kan dé Amẹ́ríkà, àwọn olórin ibẹ̀ sì tún un kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Orúkọ Linda wà lára àwo náà. Síbẹ̀ wọ́n ka orin náà sí orin ìbílẹ̀ àwọn Zulu, wọ́n sì fi orúkọ mìíràn sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tún un tò. Ní ọdún 1961 ó di «The Lion Sleeps Tonight», gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Linda kú ní ọdún 1962 nínú òṣì.

Lẹ́yìn tí oníròyìn ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Rian Malan, ti tú ọ̀rọ̀ náà síta ní ọdún 2000, agbẹjọ́rò Owen Dean wá ọ̀nà kan jáde. Òfin ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911, tí ó dé Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú, sọ pé bí olùpilẹ̀ṣẹ̀ bá tilẹ̀ ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ náà yóò padà sọ́dọ̀ àwọn àrólé rẹ̀ ní ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí já sí ọdún 1987. Ní ọdún 2004, a pe ilé iṣẹ́ Disney lẹ́jọ́ ní Gúúsù Áfíríkà nítorí pé orin náà wà nínú fíìmù «The Lion King» ti ọdún 1994. Ní ọdún 2006, kí ẹjọ́ tó dópin, àwọn aláṣẹ orin náà àti àwọn ọmọ Linda parí rẹ̀ láàárín ara wọn: a gbà pé Linda wà lára àwọn tí ó dá orin náà, a sì gbà láti san owó fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a kíyè sí. Èkíní, ẹ̀rí tí ó gba ìdílé náà là ni pé àwo ti ọdún 1939 wà, orúkọ sì wà lára rẹ̀. Èkejì, ó gba ọdún 67 láti 1939 kí ohun tí ó hàn lójú àwo tó di ohun tí a gbà. Akọrin ẹ̀fẹ̀ tí a gba orin rẹ̀ sílẹ̀ láìsí orúkọ kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rárá.

5. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé àkójọ

Ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì wà nínú àdéhùn Berne fúnra rẹ̀. Ìpín 15 sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ bí a ti máa ń kọ ọ́ ni a ó kà sí olùpilẹ̀ṣẹ̀, títí ẹlòmíràn yóò fi mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí olùkójọ bá kọ orúkọ tirẹ̀ nìkan sí ẹ̀yìn ìwé, ó ti gbé ẹrù ẹ̀rí lé akọrin lórí. Akọrin tí kò mọ̀wé ni yóò wá máa wá ẹ̀rí pé orin òun ni. Ìpín kan náà, láti ìgbà tí a ti tún un ṣe ní Stockholm ní ọdún 1967, gba kí ìjọba yan àjọ kan tí yóò dúró fún olùpilẹ̀ṣẹ̀ tí a kò mọ̀, tí a kò sì tíì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ̀, tí a kàn kọ̀ láti dárúkọ, kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀.

Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí a bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀, ó yẹ kí a kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí:

a) Orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ tàbí tí ó kọ ọ́ lórin, orúkọ abúlé rẹ̀, àti orúkọ àwọn elégbè àti onílù.

b) Ọjọ́, oṣù, ọdún àti ibi tí a ti gbà á sílẹ̀. Ó dára kí a sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú, kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

d) Ìdáhùn akọrin sí ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó dá orin yìí? Ọ̀dọ̀ ta ni o ti kọ́ ọ? Èwo nínú rẹ̀ ni ìwọ fúnra rẹ fi kún un? Ìbéèrè yìí ni ó ń ya ìbílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára tirẹ̀. Àgbà ni a bá ń bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí náà «ẹ» ni ó yẹ kí a lò, kí a má ṣe bi í bí ẹni tí ń wá ẹ̀ṣẹ̀.

e) Ohun tí ó gbà láyè: kíkà nínú kíláàsì nìkan, títẹ̀ jáde, rédíò, títà. Ẹni tí ó gbà kí a fi orin òun kọ́ àwọn ọmọ kò tíì gbà kí a tà á.

ẹ) Ohun tí kò gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn ọ̀rọ̀ awo kan wà tí àwọn àgbà lè sọ fún olùwádìí tí kò sì yẹ kí gbogbo ènìyàn kà. Òfin olùpilẹ̀ṣẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí èyí. Àdéhùn ni ó ń dáàbò bò ó.

f) Ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì tí ó gbọ́ èdè náà. A gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá-Nàgó kí ó tó tẹ̀ka. Ìwé Faransé tí a kò túmọ̀ fún ẹni tí ó tẹ̀ka sí i jẹ́ ìwé tí agbẹjọ́rò lè tètè fọ́.

Lórí ẹ̀tọ́ owó, ìwé ni òfin béèrè. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó láti gbé ẹ̀tọ́ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìwé náà kò ní láti gùn. Ó tó pé kí ó sọ iṣẹ́ tí ó kàn, ohun tí a óò fi ṣe, iye ọdún, iye owó, àti iye ìwé tí akọrin yóò gbà fún ara rẹ̀.

6. Bí ìjà bá dé

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ fún àlàyé. Akọrin ẹ̀fẹ̀ kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ikpinlè dá orin kan lórí owó àgbàdo. Olùkọ́ kan gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, orin náà jáde nínú àwo ẹlòmíràn, a sì kọ «ìbílẹ̀» sí i. Kí ni akọrin lè ṣe?

Ọ̀nà kìíní ni ìlàjà. Yorùbá sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òfin 2001-37 ti oṣù kẹjọ ọdún 2002, tí ó to àwọn ilé ẹjọ́ Benin, ka ilé ẹjọ́ ìlàjà mọ́ wọn, kí àwọn ará agbègbè lè parí ọ̀ràn wọn nítòsí ilé. Ìlàjà tí a kọ sílẹ̀ tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí lágbára ju ìlérí tí a ṣe lábẹ́ igi lọ. Ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ náà lè gbọ́ ọ̀ràn náà, pàápàá bí akọrin bá ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn ṣáájú.

Ọ̀nà kejì ni ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ wà ní Pobè; ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò gba ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, olùpẹjọ́ lè bẹ adájọ́ kí ó pàṣẹ pé kí a gbẹ́sẹ̀ lé àwọn àwo tàbí ìwé tí ó wà lọ́jà, kí ẹ̀rí má bàa sọnù. Òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tí a ń pè ní huissier ni ó máa ń lọ ṣe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó bá sì kọ ni adájọ́ máa ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun mẹ́ta ni olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn: pé iṣẹ́ náà wà ṣáájú ti olùjẹ́jọ́, pé òun ni ó dá a, pé èkejì mú un jáde láìgba àṣẹ. Àkọsílẹ̀ olùkọ́, tí ó ní ọjọ́ àti orúkọ, ni yóò dáhùn èkíní àti èkejì. Ní ti ẹ̀kẹta, nínú àṣà òfin tí Benin jogún lọ́wọ́ Faransé, ibi tí iṣẹ́ méjì ti jọra ni adájọ́ ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà kò tíì bọ́.

Níbí ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti wọ ilé ẹjọ́. Faransé ni èdè iṣẹ́ adájọ́, orin náà sì jẹ́ Yorùbá-Nàgó. Àkọsílẹ̀ tí kò ní àmì ohùn kò lè fi hàn bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni akọrin sọ; orin ẹ̀fẹ̀ sì kún fún ọ̀rọ̀ tí ń fi ohùn ṣeré láti bú ènìyàn láìdárúkọ rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá péye, tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, adájọ́ tí kò gbọ́ èdè náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé orin méjì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí kò bá péye, ẹjọ́ lè fọ́ níbẹ̀.

Ààlà kò dí ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́. Nàìjíríà wọ àdéhùn Berne ní ọdún 1993, ó sì ṣe òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀, òfin ti ọdún 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Orin tí a dá ní Massè tí a sì ń tà ní Èkó ṣì ní ààbò lọ́hùn-ún bí ẹni pé ọmọ Nàìjíríà ni ó dá a. Ẹ̀rí kan náà ni a óò béèrè níbẹ̀: ta ni, nígbà wo, níbo.

7. Lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò

Ìṣòro náà ní ẹsẹ̀ kan nínú èdè. Bí ènìyàn bá béèrè pé «Ta ni ó ni orin yìí?», ìdáhùn mẹ́ta ni ó lè gbà, gbogbo wọn sì tọ́. Ẹnì kan lè sọ pé ìlú ni ó ni ín, nítorí pé ojú agbo ìlú ni a ti ń kọ ọ́. Òmíràn lè sọ pé Ìyálásẹ̀ àti ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ó ni ín, nítorí pé àwọn ni olùtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹta lè dárúkọ akọrin. Ọ̀rọ̀ náà «ni» kò ya wọ́n sọ́tọ̀, òfin sì ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ó sàn kí a lo ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó ṣe pàtó nínú ìwé ìbéèrè: ẹni tí ó dá orin, ẹni tí ó kọ ọ́ lórin, ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí wà lẹ́nu gbogbo ará Adja-Ouèrè. Kò sí èyí tí a ní láti yá lọ́wọ́ Faransé.

Ọ̀rọ̀ «ìbílẹ̀» fúnra rẹ̀ kò yẹ kí a lé jáde. Kí a fi pamọ́ fún ibi tí ó tọ́ sí ni: ibi tí a ti béèrè ẹni tí ó dá iṣẹ́ náà, tí ìdáhùn sì jẹ́ pé àwọn baba ńlá ni, kò sì sí ẹni tí ó mọ orúkọ. Bí a kò bá tíì béèrè, «a kò tíì mọ̀» ni ó yẹ kí a kọ, kí a sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ.

Àwọn ìwé àkójọ àtijọ́ tí ó wà ní àpótí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣì lè gba àtúnṣe. Púpọ̀ nínú àwọn akọrin tí ohùn wọn wà nínú wọn wà láàyè, tàbí kí àwọn ọmọ wọn wà. Lílọ sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìwé náà, kíkà á sí wọn létí, kíkọ orúkọ sí ibi tí àyè ṣófo, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni fún abúlé kan. Ó sàn kí a ṣe é nísinsìnyí tí ẹni tí ó dá orin ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni.